Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Yín

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi ojú ọ̀ṣọ́ wò, tí èmi sì ń fi ojú ẹ̀mí wò. Ọ̀rọ̀ rímù àti táyà ni, àwọn èyí tí à ń rà lọ́jà láti fi rọ́pò àwọn tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí píkọ́ọ̀pù gan-an ni mo ní lọ́kàn, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń gbé ẹrù ní ọjọ́ iṣẹ́, tí wọ́n tún fi ń lọ òde ní ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo orúkọ tí èdè wa fún nǹkan yìí. A kò pè é ní aṣọ ọkọ̀, a kò sì pè é ní ìlẹ̀kẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni à ń pè é. Ẹni tó ra aṣọ tí kò bá a mu lè bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó sì wọ òmíràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń dúró. Píkọ́ọ̀pù tó wúwo tó 2,000 kílò, tó ń sáré lójú títì, ibi mẹ́rin péré ló ti ń fara kan ilẹ̀, ibi kọ̀ọ̀kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ibi mẹ́rin yẹn ni bíréèkì gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ọmọdé bá ṣàdédé já sí ojú ọ̀nà. Òun náà ni ìdarí ọkọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á fi ojú lásán ra ohun tó wà níbẹ̀.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté. Èbúté Àpápá àti ti Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, ni ọ̀pọ̀ kọntéínà tó kó ọkọ̀ tòkunbọ̀, rímù àti táyà ti ń wọ ilẹ̀ wa láti ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá ń gbé ní agbègbè náà kò ní láti wá ọjà lọ síbi tó jìnnà. Ọjà náà ni yóò wá a kàn. Rímù tó ń dán yanran wà lórí ara wọn lẹ́bàá ọ̀nà, dúdú, fàdákà, àti aláwọ̀ wúrà, tí wọ́n ń pe ọ̀dọ́ bí ìgbà tí àkàrà gbígbóná ń pe ẹni tí ebi ń pa.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́. Bí ènìyàn bá gbéra ní Àpápá tó ń lọ sí Ajégúnlẹ̀, ìrìn náà kò jìn, síbẹ̀ ilẹ̀ oríṣiríṣi ni táyà rẹ̀ yóò tẹ̀. Yóò gba orí kọnkéré líle, yóò bọ́ sí ibi tí àwọn tírélà ti tẹ títì di poro, yóò sì wọ àdúgbò tí omi òjò ti dúró, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè mọ bí kòtò tó wà lábẹ́ omi náà ṣe jìn tó. Èyí tó yẹ ọkọ̀ tó ń rìn ní ojú ọ̀nà dídán kò fi dandan yẹ ọkọ̀ tó ń rìn níbí.

Àríyànjiyàn kan nínú ẹbí

Àbúrò mi kan ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Boundary ní Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ìbejì wọn. Hilux ló fi ń jẹun. Láàárọ̀ kùtùkùtù, yóò lọ gbé páálí ẹja inú yìnyín ní Ìjọra, yóò sì pín in fún àwọn ìyá tó ń tà á lọ́jà. Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, táyà rẹ̀ jẹ tán pátápátá, ó sì di dandan kí ó rà tuntun. Àsìkò kan náà ni àjọ tí ìyàwó rẹ̀ ń dá kàn án. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò pé nínú owó àjọ náà ni àwọn yóò ti mú owó táyà. Ìjà kò sí rárá, àfi ìgbà tí ọkọ sọ pé òun yóò kúkú ra rímù oní-20 íǹṣì papọ̀ mọ́ táyà tí ó bá a mu, kí ọkọ̀ náà lè gba àwòrán.

Wọ́n pè mí láti dá sí i. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi. Tèmi nìkan ló dà bí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba. Ṣé mo ṣiṣẹ́ títí, kí ojú mi má rí nǹkan tó dára ni?"

Ìyàwó rẹ̀ kò gbé ohùn sókè. "Bàbá Ìbejì, mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe ọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ wa. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ ní Mile 2 ní ìdájí, ta ni yóò gbé ẹja náà kí ó tó yọ́? Ta ni yóò sì gbé ẹ̀yin gan-an?"

N kò dá ẹnì kankan lẹ́bi nínú wọn. Ohun tó dára máa ń wu ènìyàn, pàápàá jù lọ ẹni tó ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun. Ìbẹ̀rù ìyàwó náà kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù òpè. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yìí kò nílò adájọ́, ohun tó nílò ni okùn ìwọ̀n àti bébà. Bí a bá ti wọn ohun tí ọkọ̀ náà nílò, ìdáhùn yóò jáde fúnra rẹ̀. Ohun tí a wọ̀n náà ni mo fẹ́ tò fún yín báyìí.

Ihò rímù

Ọ̀gá tó ń ta rímù lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún wa pé kò sí ìṣòro: ihò mẹ́fà ni ihò mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fa òbìrípo kan gba àárín ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí nọ́ọ̀tù ń wọ̀ lára Hilux oníhò mẹ́fà, fífẹ̀ òbìrípo náà jẹ́ 139.7 mílímítà. Iye yìí kan náà ni ti Toyota Tacoma, Mitsubishi L200, Isuzu D-Max, àti Ford Ranger tí wọ́n ṣe láti 2011. Nissan Navara tí wọ́n ṣe láti 2005 ní ihò mẹ́fà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ jẹ́ 114.3. Ford F-150 tí wọ́n ṣe láti 2004 ní ihò mẹ́fà, tirẹ̀ sì jẹ́ 135. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 135 àti 139.7 kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ojú kò lè tètè rí i. Ẹni tó bá fi agbára ti irú rímù bẹ́ẹ̀ wọlé ti fi bóòtù sí ìnira, yóò sì máa wakọ̀ lọ láìmọ ọjọ́ tí bóòtù yóò já.

Ihò kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í bìkítà fún, òun ni ihò ńlá àárín. Inú rẹ̀ ni họ́ọ̀bù ti ń yọ jáde, ìyẹn irin róbótó tí rímù ń jókòó lé. Ti Hilux oníhò mẹ́fà àti ti ọ̀pọ̀ Tacoma jẹ́ 106.1 mílímítà. Ti Ranger jẹ́ 93.1, ti L200 sì jẹ́ 67.1. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé rímù Ranger kò lè jókòó lórí họ́ọ̀bù Hilux bí ihò kéékèèké rẹ̀ tilẹ̀ bára mu. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun yóò fi ẹ̀rọ há ihò àárín náà kí ó lè fẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa bá ọ̀nà yín lọ. Bí ihò àárín bá sì fẹ̀ ju họ́ọ̀bù lọ, ó yẹ kí ẹ fi òrùka tó dí àlàfo náà sí i. Láìsí òrùka yẹn, rímù lè má jókòó sí àárín gbùngbùn, ìdarí ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ bí eré bá ti pọ̀.

Bí rímù ṣe jókòó

Ìwọ̀n kejì ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ọ́fúsẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka rímù sí ìlù gbẹ̀du tí a dùbúlẹ̀. Ẹ wá àárín gbùngbùn gígùn ìlù náà, kí ẹ sì wo bí ibi tó ń fara kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín yẹn tó. Bí ó bá sún sí ọ̀dọ̀ ojú òde, iye náà yóò ní àmì àròpọ̀. Bí ó bá sún sínú, yóò ní àmì àyọkúrò. Rímù oní-17 íǹṣì tó bá ọ̀pọ̀ Hilux wá fẹ̀ ní íǹṣì 7.5, ọ́fúsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ 30 mílímítà pẹ̀lú àmì àròpọ̀.

Èyí tí àbúrò mi yàn jẹ́ 20 íǹṣì, ó fẹ̀ ní íǹṣì 9, ọ́fúsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ òdo. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú wọn. Fífẹ̀ tó lé yóò ti etí rímù síta ní 19 mílímítà, ọ́fúsẹ́ẹ̀tì tó yí padà yóò sì fi 30 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 49 mílímítà, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fi yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀dọ́ á ní ọkọ̀ náà dúró bí akínkanjú. Ṣùgbọ́n béárìn tó gbé ẹsẹ̀ náà yóò máa ru ẹrù tó jìnnà sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó na ọwọ́ gbọọrọ gbé garawa omi dípò kí ó fà á mọ́ra. Táyà lè máa ha mọ́gáàdì nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí tàbí tí ó bá ru ẹrù tó pọ̀. Ẹrẹ̀ yóò sì máa fọ́n sí ara ilẹ̀kùn. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sí àárín rímù àti họ́ọ̀bù láti ti ẹsẹ̀ síta, tí wọ́n ń pè ní sípésà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àìfararọ kan náà ni wọ́n sì ń bí.

Òdìkejì rẹ̀ náà kò dára. Rímù tí àmì àròpọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù yóò wọ inú jù, ó sì lè máa gbá àwọn irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tó bá sún mọ́ ti ilé iṣẹ́ jù lọ ni ó sàn jù lọ.

Nọ́ọ̀tù kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá

Ọ̀pọ̀ rímù alumíníọ́mù tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe fún píkọ́ọ̀pù máa ń lo nọ́ọ̀tù tó ní wọ́ṣà pẹlẹbẹ. Ọ̀pọ̀ rímù tí à ń rà lọ́jà ni ojú ihò rẹ̀ dà bí inú àrọ, nọ́ọ̀tù tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ló sì lè dì í mú. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tù pẹlẹbẹ dé ihò oní-àrọ, ó lè dà bí ẹni pé ó le dáadáa lọ́wọ́ fọganáísà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ díẹ̀ ló fara kan rímù. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tú. Ẹni tó ra rímù láìbèèrè nọ́ọ̀tù rẹ̀ dà bí ẹni tó ra ìlẹ̀kùn láìra kọ́kọ́rọ́.

Àwọn nọ́ńbà ara táyà

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á ka ara táyà bí ìwé. Lára táyà àbúrò mi tó ti gbó, a ka 265/65R17 112S. Nọ́ńbà 265 ni fífẹ̀ táyà náà ní mílímítà. Nọ́ńbà 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpín 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ìyẹn 172 mílímítà. Nọ́ńbà 17 ni ìwọ̀n rímù tó ń wọ̀ ní íǹṣì. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, gíga táyà náà láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ 776 mílímítà. Lẹ́tà S sọ pé eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 180 kìlómítà ní wákàtí kan.

Táyà oní-20 íǹṣì tí ọ̀gá náà fẹ́ tà fún wa jẹ́ 265/50R20 107. Gíga rẹ̀ jẹ́ 773 mílímítà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ 132 mílímítà àti ààbọ̀ péré. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin rọ́bà àti afẹ́fẹ́ ló ti kúrò níbẹ̀, irin ló sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí kòtò, rọ́bà àti afẹ́fẹ́ yẹn ni ìrọ̀rí tó ń gba ìfúnpá náà. Bí ìrọ̀rí bá tẹ́ẹ́rẹ́, etí kòtò yóò fún táyà mọ́ rímù. Ẹ̀gbẹ́ táyà lè wú bí ìkókó, rímù sì lè sán. Ní òpópónà tí omi ti bo kòtò, mo fẹ́ ìrọ̀rí tó nípọn.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló parí ẹjọ́ náà. 112 àti 107 kì í ṣe kílò, àmì ni wọ́n jẹ́ fún ẹrù tí táyà kọ̀ọ̀kan lè rù. 112 dúró fún 1,120 kílò. 107 dúró fún 975 kílò. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja náà. Táyà méjì oní-112 lè ru 2,240 kílò, táyà méjì oní-107 lè ru 1,950. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 290 kílò. Ìyàwó àbúrò mi, tó mọ̀ pé páálí ẹja kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbé jẹ́ 20 kílò, ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ kí n tó la ẹnu.

"Páálí mẹ́rìnlá nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé páálí mẹ́rìnlá ni a fẹ́ fi ra dídán?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Ẹni tó bá mọ owó tó ń wọlé láti orí páálí kan yóò mọ ìdí tó fi dákẹ́.

Mo tún rí àwọn tó ń fẹ́ táyà tó ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Wọ́n lè pààrọ̀ 265/65R17 sí 285/70R17, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 831 mílímítà. Kò burú fún ẹni tó ń wọ igbó, bí àyè bá wà lábẹ́ mọ́gáàdì. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé nígbà tí aago eré bá ń sọ 100, ọkọ̀ náà ti ń sá 107. Ẹsẹ̀ tó tóbi tó sì wúwo yóò tún mú kí ẹ́ńjìnnì ṣe làálàá láti gbéra, kí bíréèkì sì ṣe làálàá láti dúró. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, gíga gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ má sì gbàgbé èyí tí à ń gbé pamọ́ sábẹ́ ọkọ̀: bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá bá àwọn yòókù mu, ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni yóò dójú tì yín.

Ọjọ́ orí táyà

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ọjọ́ orí ló kàn. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà yẹn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. Táyà tó ní 2319 ni wọ́n ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, máa ń kìlọ̀ pé kí á má lo táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Oòrùn, ooru àti ọjọ́ ń gbẹ ọ̀rá inú rẹ̀. Eyín rẹ̀ lè ṣì nípọn, kí ara rẹ̀ sì ti kú.

Ìdí rèé tí táyà tòkunbọ̀ fi ń bà mí lẹ́rù. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa tilẹ̀ ti fi òǹtẹ̀ èèwọ̀ lé kíkó irú táyà àlòkù bẹ́ẹ̀ wọlé fún ọkọ̀ kéékèèké, síbẹ̀ ó pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá ń tà á yóò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, yóò fi nǹkan dúdú pa á lára, yóò sì máa dán. Àrékérekè mìíràn wà nínú táyà tuntun pàápàá. Àwọn agbókòwò kan máa ń ki táyà kékeré sínú táyà ńlá, ìkan nínú èkejì, kí kọntéínà kan lè gba púpọ̀. Àjọ SON tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà ti gba irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Okùn irin inú táyà tí wọ́n bá ti ká báyìí lè ti ṣẹ́ kí ó tó dé Àpápá. Nítorí náà, bí etí táyà tuntun bá wọ́, tàbí tí ara rẹ̀ ní ìlà bíi ti aṣọ tí a ká, ẹ fi sílẹ̀.

Ìgbà kan wà tí a kì í fi gbogbo ojú wo òkè òkun fún táyà. Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, Dunlop sì ń ṣe é ní Ìkẹjà. Michelin dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 2007, Dunlop sì tẹ̀ lé e ní 2008. Láti ìgbà náà ni ohun tí ọkọ̀ wa ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ ti di ohun tí èbúté bá gbé fún wa, ojú olùrà sì ti di ẹ̀ṣọ́ tó kẹ́yìn.

Àbájáde àìbìkítà kì í mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, James Ocholi, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀ ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ FRSC sọ pé táyà ọkọ̀ wọn ló bẹ́ lórí eré. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò mọ oyè.

Ohun tí a rà

Ní ìkẹyìn, ọ̀nà àárín ni a gbà. Àbúrò mi fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ yí padà, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ kí ó lágbára. A rí rímù Tacoma dúdú mẹ́rin, oní-17 íǹṣì, tòkunbọ̀ gidi. Ihò kéékèèké rẹ̀ bára mu, ihò àárín rẹ̀ bára mu, a ka 30 lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀tù tó wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ sì jókòó sí i dáadáa. A kò fi ojú lásán gbà á. Fọganáísà gbé ìkọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ tó ń yí i. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ń jó bí òòyì, a sì dá a padà fún ọ̀gá náà kí ó fún wa ní òmíràn. A tún wo ẹ̀yìn wọn fún ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó. Rímù irin tó tẹ̀ ṣeé lù padà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe, tó ti sán tí wọ́n sì jó pọ̀, n kò ní gbé ẹ̀mí mi lé e.

Lẹ́yìn náà, a ra táyà tuntun 265/65R17 112, márùn-ún pérépéré, tí èyí abẹ́ ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Owó tó kù nínú àjọ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó dá a. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n owó tí a fi ra rímù tí kò yẹ ọkọ̀ kò pa ọbẹ̀ kankan.

Ẹ kíyèsí bí wọ́n ṣe ń dè é pẹ̀lú. Kí fọganáísà má ṣe dè wọ́n tò yí ká. Kí ó dè ọ̀kan, kí ó sọdá sí èyí tó kọjú sí i, títí gbogbo wọn yóò fi le. Bí ẹ bá ti wakọ̀ tó nǹkan bíi 80 sí 100 kìlómítà, ẹ tún nọ́ọ̀tù náà dè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìdọ́gba ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé, ti ìgbà tí ẹrù wà lẹ́yìn sì sábà máa ń yàtọ̀. Iye tí wọ́n kọ sí ara táyà ni òpin tí kò gbọdọ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tó yẹ kí ẹ máa fẹ́ sí i. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi, n kò wí pé kí ẹ má ṣe ọkọ̀ yín lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n, ni àwọn àgbà wí. Kí ẹ tó jáde nílé láti lọ ra ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́fà sínú bébà: òbìrípo ihò, ihò àárín, fífẹ̀ rímù pẹ̀lú ọ́fúsẹ́ẹ̀tì rẹ̀, irú nọ́ọ̀tù, ìwọ̀n táyà pẹ̀lú ẹrù tó lè rù, àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ọ̀gá ọjà bá sọ pé kò sí ìṣòro, ẹ fi bébà yín hàn án. Bí ohun tó ń tà bá bá a mu, ẹ san owó rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Bí kò bá bá a mu, Ládípọ̀ ṣì wà ní Mushin, èbúté kò sì ní kó lọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ó dìgbà kan ná.